Ọjà Ọ̀fẹ́ Tí A Fi Kọ Àgbéyẹ̀wò: Ṣé Owó Orí Wà Lórí Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kubwa, ní Àbújá, ni mò ń gbé. Àwọn ọlọ́jà máa ń fi fóònù, bùlẹ́ńdà àti ìpara ránṣẹ́ sí mi kí n lè kọ bí mo ṣe rí wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í fún mi lówó, ọjà náà ni mo máa ń mú. Ṣé òótọ́ ni pé owó orí wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àbúrò mi. Ká ní o ò ní kọ nǹkan kan, ṣé wọn á fi fóònù náà ránṣẹ́ sí ẹ? Iṣẹ́ lo ṣe, ọjà ni wọ́n fi san owó iṣẹ́. Owó ọwọ́ nìkan kọ́ ni òfin ń pè ní èrè. Wo iye tí wọ́n ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Wuse lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ rẹ, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Má dúró di ìparí ọdún, torí iye ọjà kì í dúró sójú kan.

Ìbéèrè: Kí wá ni màá fi san án, nígbà tí mi ò rí kọ́bọ̀ gbà?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má kàn ẹ́ rárá. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Ká ní ọjà àti owó tó wọlé fún ẹ jẹ́ ₦1,100,000, tí dátà àti ìnáwó iṣẹ́ sì gba ₦100,000, ₦200,000 péré ló kù tí wọ́n máa gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀: ₦30,000. Àwọn tó ń gba owó oṣù ló ń dùn mí, torí owó oṣù ti lo ₦800,000 yẹn tán, orí rẹ̀ sì ni ọjà máa gùn. Jọ̀ọ́, tí o bá níṣẹ́ oṣù, máa fi owó díẹ̀ pamọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá dé.

Ìbéèrè: Èyí tí wọ́n ní kí n dá padà ńkọ́?

Ìdáhùn: Kì í ṣe tìẹ. Tọ́jú ìwé tó fi hàn pé o dá a padà.

Ìbéèrè: Ta ni màá jábọ̀ fún?

Ìdáhùn: FCT-IRS, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó orí ní Àbújá, kí March 31 ọdún tó tẹ̀ lé e tó kọjá, kódà bí o ò bá jẹ kọ́bọ̀. Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò: ará Mararaba, ìpínlẹ̀ Nasarawa ló ni ín, ará Suleja, ìpínlẹ̀ Niger.