Mọ́nítọ̀ Tó Ń Pẹ́ Kó Tó Tàn: Ẹ Tẹ Bọ́tìnnì Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ará ilé tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà pa àkọsílẹ̀ mọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń gbé wá fún àtúnṣe ni kò ní àrùn kankan lára. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ni wọ́n ló sọ àìsàn kékeré di ńlá. A kò ní sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ki wáyà bọ iná ògiri. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ni a ń rí ní gbogbo ìgbà. Ẹni náà á tẹ bọ́tìnnì, ojú mọ́nítọ̀ á ṣì dúdú, ara rẹ̀ kò ní gbà á, á tún un tẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń tan mọ́nítọ̀ náà ló ń pa á. Mọ́nítọ̀ tó kù díẹ̀ kó tàn ti gba àṣẹ pé kó kú nìyẹn, bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tó ti ṣe dé ìdajì yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Báyìí ni mọ́nítọ̀ tí ì bá tàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 ṣe ń di èyí tí wọ́n ní ó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ sì wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 60 gbáko. Gbígbá a lẹ́yìn kì í ṣe ìtọ́jú.

Kí ẹ tó dá mọ́nítọ̀ lẹ́bi, ẹ yọ wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi wáyà iná nìkan sílẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tàbí ọ̀rọ̀ bíi “No Signal” bá yọ lójú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kò sí ohun tó ṣe mọ́nítọ̀ yín. Kọ̀ǹpútà, wáyà tàbí ètò inú mẹ́nù ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ni wọ́n ti ṣètò sí “Auto” kí ẹ tó rà wọ́n, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn yóò yẹ ihò VGA wò, wọn yóò yẹ HDMI wò, wọn yóò tún yẹ DisplayPort wò, wọn yóò sì dúró díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kọjá. Ẹ ṣí mẹ́nù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Input” tàbí “Source” sí, kí ẹ yan ihò tí ẹ ń lò gan-an. Bí “Deep Sleep” (ètò tó ń mú mọ́nítọ̀ sùn wọra) bá wà níbẹ̀, ẹ pa á. Kí ẹ tó dá wáyà padà, ẹ wò ó bóyá irin kan ti tẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé mọ́nítọ̀ náà ń pẹ́ nígbà tó dá wà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ògiri, ẹ di bọ́tìnnì mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá kì í bọ ògiri tààrà, láìgba ara wáyà àsopọ̀ (extension) kọjá. Èyí tó ń lo ṣájà ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ gba iye fóltì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá kọ 19 síbẹ̀, ti 12 kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Áńpì ṣájà, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé jáde, lè ju èyí tí wọ́n kọ lọ, kò gbọ́dọ̀ dín.

Ẹ wá mú ìwé àti bírò. Fún ọjọ́ 7, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó tàn láàárọ̀, kí ẹ sì kọ ti ọ̀sán, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó tí ara rẹ̀ ti gbóná. Bí ti àárọ̀ bá pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ, tí ó sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn kàpásítọ̀ (ohun kékeré tó ń pa iná mọ́ fúngbà díẹ̀) inú pákó iná rẹ̀ ló ti wú tàbí tí wọ́n ti gbẹ. Àtúnṣe rẹ̀ kò le fún ẹni tó mọ̀ ọ́n: iye máíkírófárádì (òṣùwọ̀n iná tí kàpásítọ̀ lè gbà) kan náà, fóltì kan náà tàbí tó jù ú lọ, èyí tí wọ́n kọ 105°C (ooru tó lè fara dà) sí lára, kí ẹsẹ̀ ìyọkúrò (−) rẹ̀ sì bọ́ sí ojú ihò tirẹ̀. Ẹ má ṣe dán an wò fúnra yín. Iná 230 fóltì tó wọlé láti ògiri ń di ohun tó ju 300 lọ nínú kàpásítọ̀ ńlá, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Bí iná kékeré ara mọ́nítọ̀ bá tàn bó ṣe yẹ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ bá rí túmọ̀ sí pé iná ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ni kò tàn. Àwọn ti àtijọ́ tó ń lo iná ọ̀pá gíláàsì (CCFL) máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú wọn tó mọ́ tán; ìyẹn kì í ṣe àrùn.

Ẹ mú ìwé ọjọ́ 7 náà dání bí ẹ bá ń gbé mọ́nítọ̀ bọ̀ fún àtúnṣe. Ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́, a ó ní kó padà sílé lọ kọ ọ́.