Rédíò tí kò dúró sójú kan

Ọjọ́ mẹ́ta ni rédíò tí mo fọwọ́ ara mi tò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá tún un sí 7.100 MHz, kí n tó mu omi tán, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ti di ti pẹ́pẹ́yẹ. Mo dá bátìrì lẹ́bi, mo pààrọ̀ rẹ̀, pàbó! Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ooru Àkúrẹ́ mú, mo yí fáànù sọ́dọ̀ ara mi, ni rédíò bá tún sá lọ. Háà, ooru ni!

Mo gbé orí áyọ̀nù gbígbóná tí mo fi ń jó lẹ́ẹ̀dì sún mọ́ àwọn kapásítọ̀ inú VFO (apá rédíò tó ń pinnu ibi tí a tún un sí) lọ́kọ̀ọ̀kan, láì fi kàn wọ́n. Kapásítọ̀ pẹlẹbẹ kan tí mo tú lára tẹlifíṣọ̀n àlòkù ni ọ̀daràn. Mo yọ ọ́, mo fi irú NP0 rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń kun dúdú lórí. Ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Mo kán ìda àbẹ́là sórí kọ́ìlì kó má baà máa gbọ̀n. Agolo mílíìkì ni mo fi bo gbogbo rẹ̀, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì jó etí agolo náà mọ́ gíráǹdì. (Ìyàwó mi ṣì ń wá agolo yẹn o.)

Lánàá, wákàtí kan gbáko, kò yẹ̀ tó 100 Hz.