Bí ológbò yín bá ń wúkọ́ ṣáá

Ẹ̀yin olólógbò inú ẹgbẹ́ yìí, bí ológbò yín bá ba mọ́lẹ̀, tó na ọrùn síwájú, tó ń wúkọ́ tí kò sì bi irun kankan jáde, ó lè jẹ́ ásímà (ikọ́ fée). Ẹ fi fóònù yà á ní fídíò kẹ́ ẹ tó lọ bá dókítà ẹran, torí tí àwọn ológbò bá débẹ̀ báyìí, wọn ò ní wúkọ́ mọ́. Alárékérekè! Bó bá sùn, ẹ ka iye ìgbà tó ń mí ní ìṣẹ́jú 1. Bó bá ń ju 30 lọ léraléra, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ kó kọ́ìlì ẹ̀fọn àti tùràrí kúrò nílé, torí èéfín wọn. Parasítámọ́ọ̀lù ńkọ́? Láéláé, ó ń pa ológbò. Bó bá ń la ẹnu mí, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.