Bíréèkì Ń Rì Lábẹ́ Ẹsẹ̀, Ọ́ìlì Ò Sì Dín: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry 2005 ni mo ń wà. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú mi ní Kútọ̀, tí mo fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì jẹ́jẹ́, ṣe ni pẹ́dà á máa rọra rì títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kápẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀, tí mo tún un tẹ̀ kíá, á le padà. Mẹkáníìkì mi ní kí n máa bu ọ́ìlì bíréèkì sí i, àmọ́ ọ́ìlì náà ò kúrò lójú àmì rí. Kí ló ń ṣe é gan-an?

Ìdáhùn: Ohun tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ló là mí lójú. Tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ń jò síta ni, ike rẹ̀ á máa gbẹ. Tiyín ò gbẹ. Máástà bíréèkì ni mo fura sí.

Písítìnì ló wà nínú máástà, rọ́bà ló sì yí i ká. Tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà, rọ́bà yìí ló ń sé ọ́ìlì mọ́ iwájú kó lè ti páàdì mọ́ díìsì. Tó bá ti jẹ, ọ́ìlì á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn nínú máástà kan náà. Kò kán sílẹ̀, kò dín, ẹsẹ̀ yín ṣáà ń lọ sílẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kíá, rọ́bà á fẹ̀ mọ́ ògiri máástà, á dì í mú. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á yọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ti ń ṣe yín.

Àmọ́ ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú (tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ ní Abẹ́òkúta tiwa yìí), kẹ́ ẹ fi òkúta há táyà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà títí á fi le. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ má gbé ẹsẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Tó bá dúró gbọin, ó dáa. Tó bá ń rì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wo họ́ọ̀sì, ẹ wo páìpù abẹ́ ọkọ̀. Ẹ tún tú máástà díẹ̀ kúrò lára búsítà, agolo dúdú ńlá tó so mọ́ yẹn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ọ́ìlì lè máa jò sínú búsítà kí ẹnikẹ́ni má rí i nílẹ̀. Tí ibi gbogbo bá gbẹ tí pẹ́dà sì ń rì, máástà ni.

Ohun kan tún wà. Tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tẹ́ ẹ wá ṣáná sí ọkọ̀, pẹ́dà á lọ sílẹ̀ díẹ̀, á sì dúró. Kì í ṣe àìsàn, búsítà ló ń ṣiṣẹ́. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti ta máástà fún nítorí ìyẹn nìkan.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ra kíìtì rọ́bà ni, àbí odidi máástà? Tòkúnbọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ tú u kẹ́ ẹ fi ìka wo inú rẹ̀. Tó bá ń dán, tí kò sì ní ìlà, kíìtì lè gbé e. Tí ìpẹtà tàbí ìlà bá wà níbẹ̀, kíìtì tuntun á ya láìpẹ́. Tòkúnbọ̀ ò wù mí lójú bíréèkì. Rọ́bà tó ti gbẹ sórí igbá, ta ni á fọwọ́ sọ̀yà fún un?

Ìbéèrè: Bàbá, èmi ti pààrọ̀ máástà, ó wá ń rọ̀ bíi tìmùtìmù. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń gòkè.

Ìdáhùn: Atẹ́gùn ni. Máástà tuntun, orí tábìlì ló yẹ ká ti kọ́kọ́ fi ọ́ìlì lé atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde ká tó dè é mọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá fa atẹ́gùn jáde níbi táyà kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì, ẹ̀yìn apá ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká tó wá sí ẹ̀yìn apá òsì, iwájú ọ̀tún, ká fi iwájú òsì parí. Àwọn ọkọ̀ kan ò tẹ̀lé èyí, ẹ wo ìwé tiyín. Ike ọ́ìlì ò gbọdọ̀ gbẹ bẹ́ ẹ ṣe ń fà á, torí atẹ́gùn míì á wọlé, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ máástà àtijọ́ lẹ ń fà, ẹ fi pátákó sábẹ́ pẹ́dà kó má kan ilẹ̀. Ìdọ̀tí àti ìpẹtà wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí rọ́bà kì í dé lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá tì í débẹ̀ á ya. Ẹ fi omi ṣan èyí tó bá ta sára ọkọ̀ kíá, ó ń bó ọ̀dà.

Ìbéèrè: Bíréèkì tèmi dáa láàárọ̀. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ òkè tó gùn, tí mo ń tẹ bíréèkì léraléra, á fúyẹ́.

Ìdáhùn: Ọ́ìlì yín ti gbó. Ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, tó bá ṣì jẹ́ tuntun, kì í hó títí á fi gbóná tó 205°C, àmọ́ tó bá ti mu omi, 140°C lè mú un hó. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Nígbà tó bá hó, ooru inú páìpù ni ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lo jíà kékeré tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìbéèrè: Tí ọ́ìlì bíréèkì bá tán lójú ọ̀nà, ṣé ti ẹ́ńjìnì ò lè ràn mí lọ́wọ́ dé Àdátán?

Ìdáhùn: Rárá o. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá kan dà á sí i. Gbogbo rọ́bà ọkọ̀ náà wú, a pààrọ̀ máástà, kálípà (èyí tó ń ti páàdì mọ́ díìsì) àti họ́ọ̀sì, owó rẹ̀ ju ti ọ́ìlì kan lọ jìnnà.

Ìbéèrè: Ṣé kí n rọra wà á wá bá yín?

Ìdáhùn: Ẹ má wà á. Ẹ pè mí, màá wá síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á wá. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ lójijì lójú ọ̀nà, ẹ tẹ bíréèkì ní kíákíá léraléra, ẹ já jíà wálẹ̀, ẹ fa háńbíréèkì díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.