Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Òkè Sandia Nígbà Tó Bá Ń Pọ́n

Tí ẹ bá dé ìlú Albuquerque ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ má gun òkè Sandia ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn: òkè ń pọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, n kò sì rí i. Ìlà-oòrùn ìlú ló wà. Ẹ kọjá sí òdìkejì odò Rio Grande, níwọ̀-oòrùn, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ẹ débẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ mú súwẹ́tà dání, torí òtútù ibẹ̀ kì í pẹ́ dé.

Àpáta náà á kọ́kọ́ dà bí wúrà. Lẹ́yìn náà, òjìji á máa gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ibi tó kù lókè á wá pọ́n bí inú bàrà olómi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, igbó tó wà ní góńgó rẹ̀ á sì dúdú bí èèpo. Bàrà olómi gan-an ni Sandia túmọ̀ sí lédè Sípáníìṣì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni o! Ẹ ya fọ́tò kan, kí ẹ ki fóònù bọ àpò, kí ẹ máa wò ó.

Tó bá ṣú lójú àpáta, ẹ má tíì lọ. Ẹ gbójú sókè díẹ̀: pupa fẹ́ẹ́rẹ́ náà ti bọ́ sójú ọ̀run.