Ẹni tó bá fẹ́ ka ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní yunifásítì

Ẹ̀yin àbúrò tó ń bi mí bẹ́ ẹ ṣe máa ka àyípadà ojú ọjọ́ ní yunifásítì, físíìsì àti ìṣirò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú. Mo mọ̀ pé omíyalé àti igbó tó ń tán ló mú ọ̀pọ̀ yín nífẹ̀ẹ́ sí i, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọ kíláàsì, ọ̀rọ̀ ooru lẹ máa bá níbẹ̀: èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá, èyí tí ilẹ̀ àti òkun ń tú padà sókè, àti èyí tí gáàsì inú afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kó lọ. Lọ́dún 1967, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Syukuro Manabe àti Richard Wetherald, fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ pé bí carbon dioxide, ọ̀kan lára àwọn gáàsì yẹn, bá di ìlọ́po méjì, ooru ayé á fi nǹkan bíi 2°C lé sí i. Ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ni wọ́n fún Manabe lọ́dún 2021.

Ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ákùúrẹ́, ọdún 5 ni wọ́n fi ń ka Meteorology and Climate Science. Ẹni tó bá fẹ́ kà á dé ipò ọ̀mọ̀wé, ètò WASCAL tí ìjọba Jámánì ń náwó sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gan-an ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Ẹ tètè kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ẹ má dúró de olùkọ́.

Bí wọ́n bá mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn òjò, ẹ má dúró sẹ́yìn. Ẹ da omi tó wà nínú ìgò tó ń gba òjò sínú ife ìwọ̀n, ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú yín á fi bá ojú omi dọ́gba. Omi máa ń gun ara ife díẹ̀. Ibi tó tẹ̀ wálẹ̀ láàárín ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe etí rẹ̀. Òjò mìlímítà 1 túmọ̀ sí pé lítà omi 1 ló rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóòró. Ẹni tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà yẹn, kò ní mọ̀ tó bá ṣì.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba dátà òjò CHIRPS, tí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì àti òjò tí wọ́n wọ̀n nílẹ̀ ṣírò. Ọ̀fẹ́ ni, láti 1981 ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò ìpíndọ́gba òjò oṣù kọ̀ọ̀kan ní Èkó, kẹ́ ẹ yà á sórí gíráàfù. Òkè méjì lẹ máa rí, ọ̀kan ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ìkejì ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, oṣù kẹjọ á sì rì sáàárín. Gbogbo wa la mọ̀ pé òjò máa ń dá lóṣù kẹjọ. Ẹ wá wádìí ìdí rẹ̀. Agbègbè tí òjò ti ń pọ̀ jù ti gòkè lọ sápá àríwá nígbà yẹn, òkun etí ilẹ̀ wa náà sì ti tutù, torí omi tútù ìsàlẹ̀ ń ru sókè. Ẹ ya ti Sókótó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: òkè kan ṣoṣo ni, oṣù kẹjọ gan-an ló sì ga jù.

Ó máa ń dùn mí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi òjò ọdún kan ṣoṣo tó pẹ́ ṣe ẹ̀rí àyípadà ojú ọjọ́. Ìpíndọ́gba ọdún 30 ni WMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, fi ń ṣe òṣùwọ̀n, 1991 sí 2020 ni wọ́n ń lò báyìí.

Tó bá wá kan iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ẹ mú ìbéèrè kékeré, bíi bóyá ọjọ́ tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ ti yí padà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Kẹ́ ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ bá àwọn bàbá àtàwọn ìyá tó ń gbin àgbàdo níbẹ̀, ẹ bi wọ́n nígbà tí wọ́n máa ń gbìn ín tẹ́lẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń gbìn ín báyìí.