Bí mo ṣe mú àwọ̀ eérú kúrò lẹ́yìn oríkì Màmá Àgbà

Ìwé ètò ìsìnkú ìyá tó bí ìyá mi ni mo ń tò nínú Microsoft Word. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi oríkì ìran Oníkòyí ránṣẹ́ nínú í-meèlì, mo kọ́pì rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ fọ́tò Màmá. Gbogbo rẹ̀ wọlé tòun tàwọ̀ eérú lẹ́yìn. Lójú kọ̀ǹpútà kò hàn púpọ̀, àmọ́ nígbà tí mo tẹ ojú ìwé kan jáde wò, àfi bí ẹni pé èéfín ta sára aṣọ àlà. N ò lè gbé irú rẹ̀ fún ẹbí.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Text Highlight Color lábẹ́ Home, mo sàmì sí oríkì náà, mo yan No Color. Kò gbọ́. Mo tún un ṣe, kò gbọ́. Ìgbà tí mo tẹ Shift+F1, tí fèrèsé tóóró kan ṣí lápá ọ̀tún, ni mo tó rí i pé Shading ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lójú tiwa àwọ̀ ẹ̀yìn ni méjèèjì, ṣùgbọ́n Word yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tó ń pa ọ̀kan kì í fọwọ́ kan èkejì.

Mo wá lọ sídìí àwòrán garawa ọ̀dà, ìyẹn bọ́tìnnì Shading, ní ìsọ̀rí Paragraph lábẹ́ Home, mo tẹ ọfà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo yan No Color. Èyí tó gba ojú ìwé láti etí dé etí lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kù lẹ́yìn lẹ́tà. Ctrl+Space ló gbá ìyẹn. Ó gbá lẹ́tà kíki tí mo fi kọ Oníkòyí lọ pẹ̀lú, mo ní láti tún un ṣe. Àmì ohùn ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí oríkì tí kò lámì, ta ni yóò kà á yé? Mo kà á láti òkè délẹ̀, gbogbo wọn pé, torí ara lẹ́tà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí Word lè bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére tí àwọn ọmọ Màmá kọ ṣì kù. Ìyẹn, mo fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ ojú ìwé, mo yan Keep Text Only láti fi lẹ̀ ẹ́. Ó wọlé ní mímọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ka gbogbo rẹ̀ sétí ìyá wa lórí fóònù, kí n tó gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé.